Ṣé ọmọ náà ti tó gòkè? Ìtọ́sọ́nà fún òbí àti eléré speedway tó fẹ́ kúrò ní líìgì ìsàlẹ̀

Ìgbà òtútù, nígbà tí pápá ti dá páropáro, ni àwọn ẹgbẹ́ speedway ní Bírítéènì máa ń to orúkọ àwọn tí yóò gun alùpùpù fún wọn lọ́dún tó ń bọ̀. Àsìkò yẹn ni fóònù àwọn ọmọ ọdún 16, 17 máa ń dún. Ẹgbẹ́ kan ní líìgì òkè ń fẹ́ ọmọ. Inú bàbá ń dùn, ìyá ń dúpẹ́, ọmọ fúnra rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣé ó ti tó? Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú ìdùnnú, òun sì ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé Manchester tàbí Leicester ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí lálẹ́ láì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Eléré mẹ́rin ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹrin, ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n ń yà sí. Alùpùpù náà kò ní bíréèkì, jíà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ẹ́ńjìnnì 500cc tó ń mu methanol ló ń gbé e sáré. Bí wọ́n bá dé kọ́nà, ṣe ni wọ́n á jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yọ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, tí ẹsẹ̀ òsì tí wọ́n wọ bàtà irin sí yóò máa wọ́ nílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ gba pọ́ìntì 3, ẹnì kejì 2, ẹnì kẹta 1, ẹni tó kẹ́yìn gba òfo. Ìsáré kan kì í ju bí ìṣẹ́jú kan lọ. Ìsáré 15 ló wà nínú ìdíje kan, eléré méje sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wá.

Ibi tí mo dúró sí nìyí: nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ nínú ìwé ìdíje, ìyẹn ìpíndọ́gba pọ́ìntì rẹ̀, kò tó nǹkan tí a fi ń gbé ọmọ gòkè. Ẹni tó kó pọ́ìntì náà lórí, àti ibi tó ti kó o, ni ká wò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ àkàbà náà

Líìgì mẹ́ta ló wà ní Bírítéènì. Ìsàlẹ̀ ni National Development League. Championship wà láàárín, Premiership wà lókè pátápátá. 2017 ni àwọn méjèèjì tó wà lókè gba orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ báyìí. Kí ọmọ tó dé ibẹ̀ rárá, yóò ti gun 125cc àti 250cc pẹ̀lú àwọn ojúgbà rẹ̀. Bó bá pé ọdún 15, ó lè gun 500cc nínú líìgì ìsàlẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ti Pólàǹdì wé e. Lọ́hùn-ún, òfin ló ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní líìgì òkè kó àwọn ọmọ Pólàǹdì tí kò tíì ju ọdún 21 lọ sínú tíìmù. Ọmọ ọdún 16 lè bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ti gba ife àgbáyé, nítorí pé àyè náà gbọ́dọ̀ ní ọmọdé nínú. Bartosz Zmarzlik, ọmọ Pólàǹdì tó wá gba ife àgbáyé lẹ́yìn náà, gba ọ̀nà yẹn ní ìlú Gorzów. Ní 2012, ọmọ ọdún 17 ni, ó sì ṣe ipò kẹta nínú Grand Prix, ọ̀kan lára àwọn ìdíje ife àgbáyé, tí wọ́n ṣe nílùú náà. Ó dára fún un. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń gùn nínú ilé ẹ̀kọ́ speedway, àwọn àgbà sì wà tó ń tọ́ ọ sọ́nà lójoojúmọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ rẹ̀ kiri tó tún ń ṣe mẹkáníìkì rẹ̀ kò sí nírú ilé bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fọwọ́ ara yín ṣírò ìpíndọ́gba, kí ẹ sì gé e sí wẹ́wẹ́

Ìpíndọ́gba ni òṣùwọ̀n tí gbogbo ẹgbẹ́ ń lò. Ẹ kó gbogbo pọ́ìntì jọ, ẹ fi bónọ́ọ̀sì kún un, ẹ fi iye ìsáré tí ọmọ gùn pín in, kí ẹ wá sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 4. Bónọ́ọ̀sì ni pọ́ìntì kan tí eléré ń rí gbà bó bá wọlé tẹ̀lé ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí alátakò sì wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá borí nínú gbogbo ìsáré rẹ̀ yóò ní 12.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tó gun ìsáré 27 nínú ìdíje mẹ́fà. Ó kó pọ́ìntì 45, bónọ́ọ̀sì 6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 51. Ẹ fi 27 pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4, ó di 7.56. Ó dùn ún gbọ́. Àwọn tó ń pe fóònù yóò sì fi nọ́ńbà yẹn yin ọmọ títí.

Ẹ wá gé e sí méjì. Ní pápá ilé, ìsáré 14, pọ́ìntì 34 pẹ̀lú bónọ́ọ̀sì: 9.71. Lóde, ìsáré 13, pọ́ìntì 17: 5.23. Ọmọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gbé inú nọ́ńbà kan. Èyí tó ní 5.23 ni líìgì òkè fẹ́ gbà, nítorí gbogbo pápá tó ń lọ ni yóò jẹ́ àjèjì sí i, títí kan ti ẹgbẹ́ tuntun rẹ̀. Lójú tèmi, bí ìyàtọ̀ ilé àti òde bá ti ju 2 lọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró díẹ̀ sí i.

Gígé kẹta ni ọ̀pọ̀ òbí kì í ṣe. Nínú tíìmù, àwọn méjì tí ìpíndọ́gba wọn kéré jù ló ń wọ nọ́ńbà 6 àti 7. Ìsáré kejì nínú ìdíje, nọ́ńbà 6 àti 7 tilé àti tòde nìkan ló ń du ú láàárín ara wọn. Ọmọ tó bá ń borí níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń kó 3 lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ sì di òmíràn nígbà tó bá pàdé nọ́ńbà 1 tàbí 5, àwọn ọ̀gá inú tíìmù, lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ìsáré kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ déètì, pápá, nọ́ńbà ìsáré, ipò tí ọmọ wà, àti orúkọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n gba àsíá. Orúkọ yẹn ló ṣe pàtàkì jù lórí ìlà. Pọ́ìntì 1 tí ó gbà nítorí pé ẹnì kan ṣubú, ẹ fi àmì sí i. Bí sáà bá parí, ẹ ka iye ìgbà tí ẹni tó ń gùn ní líìgì òkè wà lẹ́yìn rẹ̀ láì ṣubú, láì jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lọ dúró ní kọ́nà àkọ́kọ́

Ẹ kúrò ní ibi ìjókòó tó wà níwájú okùn ìbẹ̀rẹ̀. Ẹwà ibẹ̀ pọ̀, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kéré. Ẹ lọ dúró ní kọ́nà àkọ́kọ́, ibi tí iyẹ̀pẹ̀ ti ń fò bá ènìyàn lójú.

Ní líìgì ìsàlẹ̀, ọmọ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, tó sì mọ̀ bí a ṣe ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nígbà tí okùn bá fò sókè, ti borí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Yóò máa lọ níwájú lóun nìkan, iyẹ̀pẹ̀ kò kàn án, aṣọ rẹ̀ á mọ́ tónítóní títí wọ́n á fi parí. Gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Kò kọ́ yín ní ohunkóhun. Lókè, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló mọ kílọ́ọ̀ṣì tú, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ẹ́ńjìnnì gidi, wọ́n á sì dé kọ́nà pọ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ sí ìgbọ̀nwọ́. Ìsáré tí ọmọ yín kò yára jáde ni kí ẹ ṣọ́.

Ẹ wo orí rẹ̀ kí ẹ tó wo alùpùpù. Ṣé ọ̀nà tó fẹ́ gbà lójú rẹ̀ wà, àbí táyà ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló tẹjú mọ́? Ẹ tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀: bó bá wọ kọ́nà pẹ̀lú ẹlòmíràn, ṣé ìró rẹ̀ dún geere, àbí ó ń gé, ó ń padà, ó ń gé? Ìró tó ń gé yẹn ni ọwọ́ tó ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìyípo kejì. Ẹni tó ti tó yóò wá ọ̀nà mìíràn. Bí ẹ̀gbẹ́ inú bá ti gbẹ tó ń dán, yóò gbé e lọ sí ìta, lẹ́bàá ọgbà, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ tútù ti kóra jọ tí táyà lè rí nǹkan dì mú. Á pàdánù díẹ̀ nígbà tó ń wọ kọ́nà, á wá jáde pẹ̀lú eré tó pọ̀ ju ti ẹni tó wà nínú. Ẹni tí kò tíì tó á tẹ̀lé ẹ̀yìn ẹni iwájú fún ìyípo mẹ́rin gbáko, á máa jẹ iyẹ̀pẹ̀, á sì padà wálé sọ pé alùpùpù òun kò sáré lálẹ́ yìí.

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Owó bàbá lè ra ẹ́ńjìnnì tó bá ti nọ́ńbà 1 dọ́gba. Ọgbọ́n ọ̀nà ìta, ìgbà tí ẹni náà ti ṣìnà níbẹ̀ púpọ̀ ló ń mú un wá.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ lórí okùn pẹ̀lú. Ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn kó tó fò sókè, wọ́n lè lé e kúrò nínú ìsáré náà, tàbí kí wọ́n gbé e sẹ́yìn mítà 15. Ọmọ tó ń kánjú ní ìsàlẹ̀ yóò kánjú jù bẹ́ẹ̀ lọ lókè, nítorí àwọn àgbà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìdúró wọn dẹ ọmọdé wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka ìṣubú rẹ̀, kí ẹ sì yà wọ́n sọ́tọ̀

Gbogbo eléré ló ń ṣubú. Ìṣubú tó jẹ́ ọgbọ́n wà: ẹni iwájú ti wó lulẹ̀, ọmọ yín sì mọ̀ọ́mọ̀ dá alùpùpù rẹ̀ dùbúlẹ̀ kó má baà gun ẹni náà. Ẹ yìn ín fún ìyẹn. Ìṣubú mìíràn ni ti ẹni tó ń wọ kọ́nà kẹta pẹ̀lú eré tí ọwọ́ rẹ̀ kò ká, tó ń lọ sínú ọgbà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù kan. Eré òkè yóò sọ ìyẹn di púpọ̀ sí i. Àwọn ọgbà tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ kún ti gba ọ̀pọ̀ là, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba gbogbo ènìyàn. Darcy Ward, ọmọ Ọsirélíà, gba ife àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọdún 21 lọ ní 2009 àti 2010. Ní 2015, ìṣubú kan ní Zielona Góra ní Pólàǹdì sọ ọ́ di ẹni tí kò lè rìn mọ́. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n gùn dáadáa ni.

Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí líìgì tuntun jẹ́ ibi tí yóò ti kọ́kọ́ dán ara rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ orí ló fi gbá, ọ̀rọ̀ dókítà ló gbẹ̀yìn. Kò sí máníjà tó lè yí i padà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: pápá ńlá, pápá kékeré

Èyí kúrú. Pápá Edinburgh ní Armadale jẹ́ mítà 260 yípo. Ti Belle Vue ní Manchester, tí wọ́n ṣí ní 2016, jẹ́ mítà 347. Ní ti kékeré, kò sí àyè ìsinmi: ẹni náà á jáde nínú kọ́nà kan bọ́ sínú òmíràn. Ní ti ńlá, eré pọ̀, ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró lórí gáàsì pẹ́. Ọmọ tó mọ ọ̀kan nìkan jẹ́ ààbọ̀ eléré. Ẹ kó o lọ fún ìdánrawò lórí irú èyí tí kò mọ̀, kí ẹ sì rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ irú eyín jíà ẹ̀yìn tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ sí. Bó bá ṣì ń wo ojú bàbá rẹ̀ kó tó dáhùn, kò tíì mọ alùpùpù tó ń gùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: owó

Àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù wé e máa ń ṣìnà níbí. Eléré speedway ló ni alùpùpù rẹ̀. Òun ló ń san owó mẹkáníìkì, táyà, methanol, epo ọkọ̀ tó ń gbé e kiri, àti owó ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì tò. Owó tó ń wọlé sì ń tẹ̀lé pọ́ìntì. Ọmọ tó ń kó 9 ní ìsàlẹ̀, tó wá gòkè lọ máa kó 2, lè máa ná ìlọ́po nígbà tí èyí tó ń wọlé fún un dín kù. Ìdíje ti pọ̀ sí i, ìrìnàjò ti jìn sí i, alùpùpù méjì tó péye ló sì gbọ́dọ̀ wà ní sẹpẹ́, nítorí bí ọ̀kan bá kú lórí ìlà, ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n máa ń fún eléré kó fi wá òmíràn.

Ẹ jókòó, ẹ ṣe ìṣirò sáà kan gẹ́gẹ́ bí ẹni pé pọ́ìntì 2 ni ọmọ yóò máa kó nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Bí ìdílé àti àwọn onígbọ̀wọ́ bá lè gbé e lórí nọ́ńbà yẹn láì yá owó, owó kì í ṣe ìdènà. Bí ó bá jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ kó 6 kí owó tó tó, ọmọ náà yóò mọ̀, ìbẹ̀rù òfo á sì bá a jókòó lórí alùpùpù.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi pè é

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí. Lọ́dọọdún, àwọn tó ń ṣàkóso líìgì máa ń fi gbèdéke lé àpapọ̀ ìpíndọ́gba eléré méjèèje tí ẹgbẹ́ kan lè kó jọ. Bí ẹgbẹ́ bá ti fi àwọn àgbà olókìkí mẹ́ta kún gbèdéke náà, àyè tó kù á di tóóró, wọn á sì máa wá ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré láti dí i. Ọmọ yín ni. Lójú ìwé, ó rọrùn láti gbà, nítorí nọ́ńbà tó ń gbé bọ̀ kò wúwo. Kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ti wo bó ṣe ń gba kọ́nà.

Ẹ fi sùúrù bi máníjà ní ìbéèrè tó ṣe pàtó. Ìdíje mélòó lẹ ti wò tí ọmọ yìí gùn, ní pápá wo? Nọ́ńbà wo ni yóò wọ̀? Bó bá gba òfo nínú ìdíje mẹ́rin àkọ́kọ́, kí lẹ máa ṣe? Ta ló máa dúró tì í láàárín ìsáré? Máníjà tó dáhùn gbogbo rẹ̀ láì fi ẹ̀rín bo ìkankan mọ́lẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé àyè náà yóò bọ́ bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kó bọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ fi ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, ẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún

Kò pọn dandan kí ọmọ fò. Ní Bírítéènì, eléré lè gùn ní líìgì méjì nínú sáà kan náà, kó máa borí ní ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó máa kọ́ ẹ̀kọ́ lókè lọ́jọ́ kejì. Láti 2014, nígbà tí líìgì òkè ṣètò àyè nọ́ńbà 6 àti 7 fún àwọn ọmọ Bírítéènì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, oríṣiríṣi ètò bẹ́ẹ̀ ló ti wà. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n pè ní Rising Star. Ọ̀nà yìí ni mo fara mọ́ jù. Ìgboyà tí ọmọ ń kó nígbà tó bá borí ní ìsàlẹ̀ ló ń gbé e la òfo òkè já.

Tai Woffinden, eléré Bírítéènì, gba irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀. Scunthorpe ní líìgì kẹta ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ó bọ́ sí Rye House ní ìkejì, ó wá dé Wolverhampton lókè. Títí dé ibẹ̀, ó ń lọ geere. Ní 2010, wọ́n fi í sínú Grand Prix àgbáyé fún odindi sáà, ọmọ ọdún 19, lọ́dún kan náà tí bàbá rẹ̀ kú. Sáà náà le fún un, kò sì sí nínú ti ọdún tó tẹ̀lé e. Ó padà sẹ́nu eré líìgì. Nígbà tó tún wọlé ní 2013, ife àgbáyé ló gbà, ó sì tún gba ti 2015 àti 2018. Ẹ wo ohun tó gbé e là: ó ní líìgì tó lè padà sí, níbi tó ti ń borí.

Ẹ̀tàn kan wà lójú ọ̀nà yìí o. Bí ọmọ bá ń ṣe dáadáa ní nọ́ńbà 6 tàbí 7 lókè, ìpíndọ́gba rẹ̀ á gòkè, nígbà tí wọ́n bá sì tún ìwé ṣe láàárín sáà, wọ́n á gbé e kúrò níbẹ̀ sí nọ́ńbà 2 tàbí 4. Ìsáré kejì kò sí mọ́. Àwọn àgbà ni yóò máa pàdé nínú gbogbo ìsáré rẹ̀, pọ́ìntì rẹ̀ á sì já wálẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì. Ẹ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé báyìí ni yóò rí, kó má baà rò pé òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gùn ún.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: lẹ́yìn tó bá ti gòkè

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé pọ́ìntì. Oṣù méjì àkọ́kọ́, ohun tí ẹ ó máa kọ sínú ìwé kékeré yẹn ni bó ṣe jìnnà tó sí ẹnì kẹta nígbà tí wọ́n gba àsíá. Bó bá jẹ́ gígùn ọ̀nà tààrà kan ní oṣù àkọ́kọ́, tó wá di gígùn alùpùpù mẹ́ta ní ìkejì, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́, òfo tó ń gbà kò burú. Bí àlàfo náà kò bá dín, tó sì ti ń wá àwáwí kí wọ́n má baà lọ sí pápá, ẹ bá a sọ̀rọ̀ nílé, láì sí máníjà níbẹ̀, kí ẹ sì dá a padà sí líìgì tó ti ń borí kí sáà tó parí.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè rẹ̀ ní ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ wà títí sáà yóò fi parí, kí ẹ sì gba ìwé kan náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ dúró di ìgbà òtútù tó ń bọ̀.